Ìbọn Bàbá Àgbà Lábẹ́ Àìríìṣì

Ọmọ Ṣọ̀ún, Kubwa:

Ẹ kú ilé o. Ẹnì kan béèrè bí èèyàn ṣe lè mọ iye tí ìbọn ìléwọ́ àtijọ́ tí bàbá ẹni fi sílẹ̀ tó. Ẹ jẹ́ kí n sọ tiwa, torí àwa wá iye náà débi tí kò yẹ ká wá a dé.

Ọmọ Ogbómọ̀ṣọ́ ni wá, àmọ́ Jọ́ọ̀sì ni wọ́n bí bàbá wa sí. Bàbá àgbà ló ń tọ́jú sítọ́ọ̀ fún iléeṣẹ́ òyìnbó kan tó ń wa kúsà ní Bukuru. Ìtàn tí gbogbo wa gbọ́ dàgbà ni pé ó mú ìbọn kan bọ̀ láti ogun Bọ́mà, pé ọ̀gágun òyìnbó kan ló fi ta á lọ́rẹ nítorí pé ó gbé e sẹ́yìn sọdá odò. Kò sẹ́ni tó rí ìbọn náà rí nínú wa. Ìgbà tí bàbá wa kú la rí àpótí páànù kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀.

Àbúrò mi ọkùnrin ló ṣí àpótí yẹn, kò sì pè mí. Ó bá ìbọn nínú àpò awọ, ó fi ìró ìyá wa kan wé e, ó sọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ àpò àìríìṣì, ó wọ mọ́tò Àbújá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ọ̀nà yẹn, ẹ bá mi rò ó: sójà ní Riyom, kẹ́ ẹ tó sọ̀kalẹ̀ Hawan Kibo, ọlọ́pàá ní Akwanga, àwọn mìíràn ní Keffi, kó tó wá kan Nyanya. Ó ní níbì kan wọ́n ní kí dírẹ́bà ṣí bùútù. Sójà kan fi ìdí bàtà ta àpò náà, ó béèrè pé eélòó ni wọ́n ń ta báàgì kan ní Jọ́ọ̀sì báyìí. Ẹ̀rín ni àbúrò mi ń rín nígbà tó ń sọ ọ́. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Orí tábìlì ìdáná mi la tú u sí. Ìbọn náà kéré lójú, ṣùgbọ́n ó wúwo lọ́wọ́. Dúdú ni, etí rẹ̀ ti ń di àwọ̀ kọfí. Wọ́n gbẹ́ ọta kan tó hu ìyẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n kọ Webley & Scott, Birmingham, ìyẹn iléeṣẹ́ òyìnbó tó ṣe é, wọ́n sì kọ Mark IV àti .38, irú ìbọn náà àti ìwọ̀n ọta rẹ̀. Òrùka kékeré kan wà lábẹ́ ìdìmú, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi okùn so ó mọ́ ara kó má bàa já bọ́. Ojú ihò mẹ́fà ló wà nínú àgbá kékeré tó ń yí. A ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí i, a ò sì gbìyànjú. Ẹ rántí ọ̀rọ̀ yìí.

Àbúrò mi ti ṣírò tirẹ̀ kó tó dé. Ó ní òun rí ìbọn kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n tà ní mílíọ̀nù mẹ́fà dọ́là. Kò parọ́. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2021 ni Bonhams, àwọn tó ń ta ọjà ní gbàǹjo, ta ìbọn Colt tí Pat Garrett, ọlọ́pàá Amẹ́ríkà kan, fi pa ọ̀daràn olókìkí tí wọ́n ń pè ní Billy the Kid ní 1881, iye náà sì lé ní mílíọ̀nù mẹ́fà. Mo bi í pé ta ni bàbá àgbà fi tiwa pa. Ìtàn tó ní ìwé ẹ̀rí láti ọwọ́ dé ọwọ́ ni wọ́n ra níbẹ̀. Irin yẹn kàn bá a wá ni.

A jókòó ti fóònù di òru. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni pé iye tí ọlọ́jà pè kì í ṣe iye tí oníbàárà san. Ẹni tó bá fẹ́ lè pe Webley tirẹ̀ ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta dọ́là, kó wà níbẹ̀ títí di ọdún tó ń bọ̀. Àwọn tí wọ́n tà tán ni kẹ́ ẹ wò. Irú tiwa, lọ́wọ́ àwọn tí òfin ìlú wọn gbà wọ́n láyè, ọgọ́rùn-ún dọ́là mélòó kan ni, ó ṣọ̀wọ́n kó tó ẹgbẹ̀rún. Àwọn tó ń kó o jọ máa ń fẹ́ kí àwọ̀ tó bá a kúrò níléeṣẹ́ ṣì wà lára rẹ̀, bó ti wù kó ṣá tó, kí nọ́ńbà ara rẹ̀ bára mu, kí inú ojú ìbọn má dógùn-ún. Ìgbà tá a ka ibẹ̀ ni àbúrò mi dákẹ́. Ó ti fi sánpépà họ gbogbo ẹ̀gbẹ́ kan ní Jọ́ọ̀sì kó lè dán. Ó rò pé òun ń fi owó kún un ni.

Ohun tí mo wá ń wá kiri ara rẹ̀ ni ọfà tí ìjọba Bìrìtìkó máa ń tẹ̀ sára ohun tó bá jẹ́ ti ọmọ ogun wọn. Ìlà mẹ́ta ni, wọ́n pàdé lókè, ó rí gẹ́lẹ́ bí ẹsẹ̀ adìẹ lórí ẹrẹ̀. Mo tan iná fóònù sí i, mo yí i síwá sẹ́yìn, n ò rí i. Àwọn Webley ìgbà ogun yẹn tún máa ń ní àkọlé War Finish lára, pé ìgbà ogun ni wọ́n ṣe é. Kò sí. Adé kéékèèké ló wà níbẹ̀, BP lábẹ́ ọ̀kan, BV lábẹ́ èkejì, àmì ilé tí wọ́n ti ń dán ìbọn wò ní Birmingham, èyí tí wọ́n ń lò kó tó di 1955. Ìbọn ọjà ni, èyí tí aráàlú lè fi owó rẹ̀ rà ní ṣọ́ọ̀bù. Kò ṣe sójà rí. Bọ́mà wó lójú mi lórí tábìlì ìdáná.

Àpò awọ ló wá tún ọ̀rọ̀ dà rú, nítorí pé ẹsẹ̀ adìẹ wà lára òun gbangba, 1943 lábẹ́ rẹ̀.

Aago mẹ́fà àárọ̀ ni mo pe lọ́yà kan tá a jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó jẹ́ kí n rò ó tán. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́. Ẹ má gbé e lọ síbì kankan. Ẹ má sì ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni." Ó ní nínú òfin ìbọn wa ti 1959, gbogbo ìbọn ìléwọ́, títí kan èyí tí wọ́n ń fi òkúta ìṣáná yìn láyé àwọn baba ńlá wa, abala kan náà pẹ̀lú bọ́ǹbù ló wà. Ààrẹ orílẹ̀-èdè nìkan ló lè fọwọ́ sí i féèyàn. Gbígbó tó gbó kò yọ ọ́, jíjogún tá a jogún rẹ̀ kò yọ wá. Ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá ló kéré jù. Mo wo àbúrò mi, mo ronú kan báàgì àìríìṣì yẹn.

Ẹni tó bá ní òun fẹ́ rà á lọ́wọ́ yín ní Àbújá, olè ni, tàbí ọlọ́pàá tó múra bí olè.

Lọ́yà kọ lẹ́tà, ó gbé e lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá fúnra rẹ̀, ó sì bá wọn wá sílé. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ àgbàlagbà, ìbọn ló ń tọ́jú. Ó gbé e, ó doríi rẹ̀ kọ ilẹ̀, ó fi àtàǹpàkò tẹ nǹkan kan, ìbọn náà sì tẹrí ba síwájú bí ẹni ń kí àgbà. Ọta méjì ta jáde sórí tábìlì: kó, kó. Wọ́n ti hu ìpẹtà aláwọ̀ ewé. Àbúrò mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tó wà.

Wọ́n kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀, a fọwọ́ síwèé, wọ́n fún wa ní ẹ̀dà kan. Lọ́yà béèrè nípa àpò awọ, wọ́n ní awọ lásán ni, ká máa mú un.

Ìyá Ìdòwú, Kàdúná:

Ẹ kú orí ire. Tiwa rọrùn ju tiyín lọ, torí olójú méjì ni, bàbá wa sì ní ìwé àṣẹ rẹ̀ tó ń sọ di tuntun, ẹyẹ ló fi ń pa lọ́nà Kachia. Èrò wa ni pé bí ìwé bá ti wà, ó parí. Lẹ́yìn ìsìnkú ni wọ́n sọ fún wa pé orúkọ bàbá ló wà nínú ìwé, bàbá sì ti lọ. Ilé la lè jogún, ìwé àṣẹ kò ṣe é jogún. Ẹ̀gbọ́n wa àgbà tó fẹ́ ẹ ní láti kó o sílẹ̀ ná, kó wá lọ béèrè ti ara rẹ̀. Ó ṣì wà lórí ẹ̀. Ọdún kejì rèé. Ẹnì kan fi owó lọ̀ wá lábẹ́lẹ̀, owó tó dára o, n ò ní purọ́. Ẹ̀gbọ́n wa lé e jáde tòun ti fìlà lọ́wọ́.

Bàbá Àlàbá, Zaria:

Sisí Kubwa, ẹ má sọ ẹ̀dà ìwé ọlọ́pàá yẹn nù. Smith & Wesson ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi fi sílẹ̀, àwa náà ti kó o lé wọn lọ́wọ́. Nọ́ńbà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú V, irú èyí tí Amẹ́ríkà ṣe nígbà ogun Hitler tí wọ́n kó ọ̀pọ̀ rẹ̀ fún Bìrìtìkó. Iléeṣẹ́ yẹn ní àwọn tó ń ṣọ́ ìwé àkọsílẹ̀ àtijọ́ rẹ̀; èèyàn lè sanwó kí wọ́n fi nọ́ńbà wá ọjọ́ tí ìbọn kan jáde níléeṣẹ́ àti ibi tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí. Ọmọ mi tó wà lọ́hùn-ún bá mi ṣe é. Ìwé ọ̀hún ni mo fi gíláàsì bò ní pálọ̀. Ìyàwó mi ní mo sanwó lórí ohun tí n kò ní mọ́. Òótọ́ ló sọ.

Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ta wá ni àpò awọ yín bí ìbọn kò bá ṣe sójà rí?

Ọmọ Ṣọ̀ún, Kubwa:

Bàbá Àlàbá, ẹ ṣé. Ìbéèrè yín ni kò jẹ́ kí n sùn lánàá. Láàárọ̀ yìí ni mo pe àbúrò bàbá wa obìnrin ní Ogbómọ̀ṣọ́, wọ́n ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún, etí wọn ṣì yá. Mo bi wọ́n nípa ìbọn Bọ́mà.

Wọ́n ní, "Bọ́mà wo? Bàbá mi ò dé Bọ́mà rí. Kàdúná ló ti ṣe sójà. Sítọ́ọ̀ náà ló ṣọ́ níbẹ̀, àpò awọ yẹn ló mú bọ̀."

Mo ní ìbọn ńkọ́.

"Ìbọn? Ti ọ̀gá rẹ̀ ní Bukuru ni. Ó ní kí Bàbá bá òun tọ́jú rẹ̀, pé òun ń lọ kí ìyá òun nílé, òun ń bọ̀." Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń béèrè? Ṣé ó ti dé ni?"