Ǹjẹ́ apá àtọwọ́dá wúlò fún kíkọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ní wíwọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin olùkọ́. Ẹ̀rọ tó ń dá ṣiṣẹ́ ti mọ́ àwọn nọ́ọ̀sì tuntun lára débi pé wọn kò fi bẹ́ẹ̀ lè fi etí wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mọ́. Ǹjẹ́ apá àtọwọ́dá, ìyẹn ère apá ènìyàn tí wọ́n fi ń kọ́ṣẹ́, lè ràn wọ́n lọ́wọ́ kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ aláìsàn?

Èsì kìíní: Ó wúlò gan-an, nítorí pé olùkọ́ ló ń yan òǹkà òkè àti ti ìsàlẹ̀ sínú rẹ̀, ó sì mọ ìdáhùn kí akẹ́kọ̀ọ́ tó sọ tirẹ̀. Ẹ yan òǹkà bíi 136 lórí 78, kí ẹ lè tètè mọ ẹni tó kàn ń sọ gbogbo rẹ̀ di 140 lórí 80. Ẹ ṣọ́ bí wọ́n ṣe ń tú afẹ́fẹ́ inú ìgbànú tí wọ́n wé mọ́ apá náà sílẹ̀: 2 sí 3 mmHg (òṣùwọ̀n ìfúnpá ẹ̀jẹ̀) ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni, kì í ṣe ìkánjú.

Èsì kejì: Àwọn apá kan tún lè ṣe àfihàn àlàfo tí ìró ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń gbọ́ ti máa ń dákẹ́ díẹ̀ kí ó tó padà. Ẹni tí kò bá kọ́kọ́ fi ìka wá ibi tí lílù iṣan ọrùn ọwọ́ ti pòórá, kí ó sì fẹ́ afẹ́fẹ́ kọjá ibẹ̀ pẹ̀lú 20 sí 30 mmHg, lè ka òǹkà òkè ní kékeré ju bó ti yẹ lọ.

Èsì kẹta: Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n apá àtọwọ́dá kì í sọ̀rọ̀, títóbi rẹ̀ kì í sì í yí padà, nítorí náà kò lè kọ́ni ní yíyan ìgbànú apá tó bá aláìsàn mu. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí wọ́n wọn ara wọn, kí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ sì jọ gbọ́ ìró kan náà láti inú ẹ̀rọ ìgbọ́ràn ẹlẹ́ni méjì.