Sítíkà ara àpótí géèmù yìí fẹ́ yà mí ní wèrè

Olùbéèrè: Ẹ̀yin ará mi, ẹ gbà mí o. Àpótí géèmù àtijọ́ kan ni mo rà, èyí onípákó téèyàn máa ń dúró síwájú rẹ̀ ta. Ẹni tó tà á ní kò ní wàhálà kankan, bẹ́ẹ̀ sítíkà ló bo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì látòkè délẹ̀. Ó gbowó tán, kò gbé ìpè mi mọ́. Mo ń fi èékánná họ ọ́, ó ń já wẹ́wẹ́, gọ́ọ̀mù tó kù ń fa ìka bí àtè, eruku ti lẹ̀ mọ́ ọn, ó dúdú kirikiri. Kí ni kí n fi bọ́ ọ?

Gbẹ́nàgbẹ́nà: Irú pákó wo ni? Ẹ ò sọ. Ẹ fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ irun fẹ́ ẹ títí á fi rọ̀, kẹ́ ẹ wá máa fà á díẹ̀díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí etí tẹ́ ẹ̀ ń fà máa sùn lórí pákó, tó bá dìde sókè, á já.

Ìyá Ìbejì: Òróró ni mo fi nu ti ara kọ́bọ́ọ̀dù àwọn ọmọ mi. Ibi tí Táíwò bá lẹ̀ ẹ́ sí, Kẹ́hìndé náà á lẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Ó bọ́ pátápátá.

Akunlé: Mọ́mì, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ fún un! Òróró tó bá ti wọnú pákó, ọ̀dà ò ní mú ibẹ̀ mọ́.

Ìyá Ìbejì: Mi ò kun tèmi. Ohun tó ṣiṣẹ́ fún mi ni mo sọ.

Olùbéèrè: Owó tí mo san kì í ṣe kékeré. Ṣé kí n kúkú fi sáńpépà ha gbogbo rẹ̀ dànù?

Gbẹ́nàgbẹ́nà: Irú pákó wo ni, mo tún bi yín. Tẹ́ ẹ bá ń ha á, ibẹ̀ á gbóná, gọ́ọ̀mù á yọ́, á dí sáńpépà lójú. Tó bá sì jẹ́ MDF, ìyẹn pákó tí wọ́n fi ìyẹ̀fun igi àti gọ́ọ̀mù tẹ̀ pọ̀, ẹ má jẹ́ kí omi kàn án. Á wú ni, kì í sì í fọn padà.

Olùbéèrè: Ọ̀rọ̀ pákó kọ́ ló ń dùn mí. Àwòrán yẹ́lò kan tún wà lábẹ́ sítíkà yìí, ó ní ojú, ó ní ẹsẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ti fún mi ní acetone, èyí tí wọ́n fi ń nu ọ̀dà èékánná kúrò, pé kí n fi pa á rẹ́.

Akunlé: Ẹ dúró! Ẹ ò sọ èyí látàárọ̀! Ṣé géèmù Pac-Man ni? Èyí tí ilé iṣẹ́ Midway ṣe lọ́dún 1980, ọ̀dà ni wọ́n fi ya àwòrán ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kì í ṣe sítíkà. Acetone á kó o lọ. Ooru díẹ̀ àti ike pẹlẹbẹ ni kẹ́ ẹ lò. Gọ́ọ̀mù tó bá kù, white spirit tí wọ́n fi ń po ọ̀dà, díẹ̀ lára àkísà, ẹ kọ́kọ́ dán an wò ní kọ̀rọ̀ kan. Ẹ má tan ẹ̀rọ agbẹrun mọ́ tẹ́ ẹ bá ti fi spirit kàn án, iná lè sọ. Ẹ ṣí fèrèsé.

Olùbéèrè: Orúkọ yẹn gan-an ló wà lókè rẹ̀ o.

Gbẹ́nàgbẹ́nà: Ẹ yọ èékánná kúrò níbẹ̀. Ẹ ya fọ́tò ẹ̀gbẹ́ méjèèjì wá kẹ́ ẹ tó tún fọwọ́ kàn án.