Ooru San Francisco lọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, kí ló dé tí tiwa l'Óṣogbo ò fẹ́ lọ?

Ọmọ Òkè-Baálẹ̀:

Ẹ kú ooru o ẹ̀yin èèyàn wa. Ẹ jọ̀ọ́ ọ̀rọ̀ kan ń dà mí láàmú. Àbúrò mi obìnrin tó wà ní San Francisco l'Amẹ́ríkà pè wá lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní ooru fẹ́ pa àwọn, pé ìgbà ìrúwé ló ń parí lọ lọ́dọ̀ wọn báyìí, ooru kì í sì í mú bẹ́ẹ̀ níbẹ̀, ilé tó ń gbé ò ní AC, ti àwọn aládùúgbò ẹ̀ náà ò ní, kò sẹ́ni tó múra sílẹ̀ fún un. Gbogbo wa nílé bá a kẹ́dùn. Ṣé ẹ mọ̀ pé kò pẹ́ tó tún pè, ó ti wọ súẹ́tà! Ó ní atẹ́gùn òkun kàn yí padà lọ́sàn-án ni, ìkùukùu wọlé láti orí omi, nígbà tó fi máa di alẹ́ òtútù ti ń mú. Òjò ò rọ̀ o, ẹ̀kán kan ò kán.

Àwa ńkọ́? Oṣù karùn-ún ti ń parí lọ, òjò rọ̀ dáadáa nínú oṣù kẹrin, àwọn èèyàn ti gbin àgbàdo, ló bá dáwọ́ dúró lójijì, látìgbà yẹn ooru tó ń mú ní Òkè-Baálẹ̀ yìí kì í ṣe kékeré. Ọ̀sán ṣì sàn, alẹ́ gan-an ni wàhálà, ara á máa lẹ̀ mọ́ ẹní, iná ò sí, atẹ́gùn ò fẹ́. Màmá mi ti lé ní 70 ọdún, wọ́n sì ní ẹ̀jẹ̀ ríru, páànù lásán ló wà lórí yàrá wọn torí sílíìnì ibẹ̀ ti já, wọn kì í rí oorun sùn títí ilẹ̀ á fi máa mọ́. Ó ń dùn mí.

Ṣé atẹ́gùn òkun ò lè dé Òṣogbo ni? Àwọn ará Èkó ṣáà ní àwọn ń rí díẹ̀ gbà. Ìgbà wo ni tiwa máa yí padà, kí ni mo sì lè ṣe fún màmá kó tó dìgbà náà?

Tíṣà Jọ́gíráfì:

Ẹ kú ìtọ́jú màmá o, Ọlọ́run á bá wa dá wọn sí. Sẹ́kọ́ńdìrì ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ, ìbéèrè yín yìí sì wà lára ohun tí mo fẹ́ràn jù láti sọ̀rọ̀ lé lórí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ kà á.

Omi òkun fúnra ẹ̀ ni ẹ máa kọ́kọ́ wò. Òkun Pàsífíìkì tó wà lẹ́bàá San Francisco tutù gan-an, lásìkò yìí bíi dígíríì 11 sí 13 ni, torí atẹ́gùn tó ń ti apá àríwá fẹ́ gba etíkun kọjá máa ń gbá omi tó wà lókè lọ sí agbami, omi tó wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún á wá gòkè wá rọ́pò ẹ̀, omi ìsàlẹ̀ yẹn tutù bí omi inú fìríìjì. Afẹ́fẹ́ tó bá gba orí ẹ̀ kọjá gbọ́dọ̀ tutù, ọ̀rinrin inú ẹ̀ á sì di ìkùukùu. Ooru tó mú àbúrò yín yẹn, ìgbà tí atẹ́gùn bá ti orí ilẹ̀ fẹ́ lọ sórí òkun nirú ẹ̀ máa ń wáyé. Orí òkè ló ti ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀, bó ṣe ń sọ̀kalẹ̀ ló ń gbóná sí i, ó tó bíi dígíríì 10 fún mítà 1,000 kọ̀ọ̀kan, á wá ti afẹ́fẹ́ òkun sẹ́yìn pátápátá. Lọ́jọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún 2017 tó ṣe bẹ́ẹ̀, àárín ìlú San Francisco gbóná dé dígíríì 41, èyí tí wọn ò rí irú ẹ̀ rí nínú àkọsílẹ̀ wọn.

Ohun tó wá ń lé ooru náà lọ ni pé àfonífojì ńlá kan wà láàárín California, ibẹ̀ á máa gbóná kíkankíkan, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ á fúyẹ́, á máa lọ sókè, òmíràn sì gbọ́dọ̀ wá dípò ẹ̀. Kí atẹ́gùn orí ilẹ̀ yẹn ṣáà ti rẹ̀ díẹ̀ báyìí, ti òkun á rọ́ wọlé gba ojú Golden Gate, ìyẹn ẹnu ọ̀nà tí òkun gbà wọlé lẹ́bàá San Francisco, láàárín wákàtí díẹ̀ ooru ti tán.

Omi òkun tiwa ò rí bẹ́ẹ̀. Láti oṣù kẹta sí ìkarùn-ún, omi tó wà níwájú Èkó máa ń tó dígíríì 28 sí 29, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ibo ni afẹ́fẹ́ tó gba orí irú omi bẹ́ẹ̀ kọjá ti máa rí òtútù? Ọ̀rinrin ló kún inú ẹ̀, ọ̀rinrin yẹn ni kì í jẹ́ kí òógùn gbẹ lára, òun náà ni kì í jẹ́ kí ilẹ̀ tutù lóru. Ẹ rántí ìgbà ọyẹ́, oòrùn lè mú lọ́sàn-án ṣùgbọ́n ìdájí á tutù rinrin, torí pé afẹ́fẹ́ ìgbà yẹn gbẹ. Atẹ́gùn òkun dé ọ̀dọ̀ wa dáadáa o, òun ló lé ọyẹ́ lọ. Òtútù kọ́ ló gbé wá fún wa ni, òjò ló gbé wá, òjò yẹn ni ká máa retí.

Ará Ìyànà-Ìpájà:

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n tàn yín o, Èkó wo? Àwọn tó wà létí òkun ni wọ́n ń gbádùn atẹ́gùn yẹn lọ́sàn-án, kó tó dé ọ̀dọ̀ tiwa ó ti gbóná, ilé sì ti fún mọ́ra jù. Òru tiwa ò sàn ju ti Òṣogbo lọ rárá. Ẹ bá mi kí màmá.

Àgbẹ̀ Ìlobùú:

Ọ̀rọ̀ Tíṣà dá mi lójú. Ìbànújẹ́ ọ̀gbẹlẹ̀ inú oṣù karùn-ún yìí pọ̀ lọ́dọ̀ àwa tá a ti fi ọkàn tán òjò àkọ́rọ̀, àgbàdo tó ti yọ ewé mẹ́rin márùn-ún ti ń ká bíi pé wọ́n fi iná yan án, tí òjò ò bá rọ̀ láìpẹ́ a máa tún un gbìn ni, owó irúgbìn lẹ́ẹ̀kejì sì rèé. Ìdí nìyẹn tí mo ṣe ń bẹ àwọn ọ̀dọ́ tó ń wọlé sídìí oko pé kí wọ́n má gbin gbogbo ilẹ̀ wọn tán sórí òjò àkọ́kọ́ tàbí ìkejì, kí wọ́n dá apá kan sí títí òjò á fi fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ fi kún un ni pé ẹ má wo ọ̀nà Èkó tẹ́ ẹ bá ń wá òjò. Ọ̀rinrin ló ń ti òkun wá, àmọ́ ìlà oòrùn ni ìjì ńlá ti ń bọ̀. Láti Òṣogbo, ẹ wo ọ̀nà Ìbòkun lọ́sàn-án tàbí ní ìrọ̀lẹ́, tẹ́ ẹ bá rí i tójú ọ̀run dúdú lápá ibẹ̀, tí atẹ́gùn wá dákẹ́ lójijì tí ooru tún le sí i, ẹ kó aṣọ wọlé. Eruku ló máa kọ́kọ́ dé, lẹ́yìn náà atẹ́gùn tútù, torí òjò tó ń rọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán ti tu afẹ́fẹ́ lára kó tó dé ọ̀dọ̀ yín, lójú ẹsẹ̀ lara á ti fúyẹ́. Ṣùgbọ́n atẹ́gùn yẹn kan náà ló ń ṣí òrùlé o! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní sílíìnì yín ti já, ẹ jọ̀ọ́ ẹ pe kápẹ́ńtà kó bá yín yẹ páànù wò, kó kan èyí tó ti ń mì mọ́lẹ̀, torí tí sílíìnì ò bá sí, abẹ́ páànù gan-an latẹ́gùn máa wọ̀.

Nọ́ọ̀sì Ìgbọ̀nà:

Ẹ jẹ́ n sọ ti màmá torí òun ló ká mi lára jù. Ooru ń pa àgbàlagbà o, kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré, àwọn èèyàn wa kì í kà á sí àìsàn ni. Lọ́dún 2024, ìlú Kayes ní Mali gbóná dé dígíríì 48.5 lọ́jọ́ kẹta oṣù kẹrin, ọsibítù Gabriel Touré ní Bamako sì kéde pé èèyàn 102 ló kú lọ́dọ̀ àwọn láàárín ọjọ́ mẹ́rin àkọ́kọ́ oṣù yẹn, èyí tó ju ìdajì wọn lọ ti lé ní 60 ọdún. Òṣogbo ò gbóná tó Mali, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rinrin tiwa ò jẹ́ kí òógùn ṣiṣẹ́, ara ẹni tó sì ti dàgbà kì í tètè mọ̀ pé òùngbẹ ń gbẹ òun.

Ẹ gbé màmá kúrò nínú yàrá yẹn. Tí pálọ̀ bá ní sílíìnì, ibẹ̀ ni kí wọ́n máa sùn, kí ẹ ṣí fèrèsé méjì tó kọjú síra kí atẹ́gùn lè gbà á kọjá. Tí wọ́n bá fẹ́ sùn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ ta nẹ́tì sí i, torí ẹ̀fọn àsìkò yìí, ibà ló máa fi rọ́pò ooru. Ẹ máa bu omi fún wọn díẹ̀díẹ̀ láti àárọ̀, ẹ má dúró kí wọ́n tó béèrè. Kí wọ́n fi omi lásán wẹ̀ kí wọ́n tó sùn, ẹ tún rẹ tówẹ́ẹ̀lì sómi, kẹ́ ẹ fún un, kẹ́ ẹ fi sí ọrùn àti abẹ́ apá wọn kẹ́ ẹ sì máa fẹ́ wọn ní abẹ̀bẹ̀, èyí ń ṣiṣẹ́ gan-an kódà tí iná ò sí. Fáànù dáa tó bá wà, àmọ́ tí yàrá bá ti gbóná kọjá dígíríì 40, atẹ́gùn gbígbóná lásán ló ń fẹ́ síni lára.

Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru: àwọn kan wà níbẹ̀ tó máa ń jẹ́ kéèyàn tọ̀ dáadáa, wọ́n lè gba omi lára lásìkò ooru. Ẹ má dá a dúró fúnra yín o! Ẹ kó oògùn náà lọ bá dókítà wọn, ẹ sọ fún un bí wọ́n ṣe ń lo òru. Tẹ́ ẹ bá wá rí i pé wọ́n ń sọ ìsọkúsọ, tàbí wọ́n ṣubú, tàbí ara wọn gbóná janjan tí wọn ò dáhùn dáadáa, ọsibítù lójú ẹsẹ̀, ẹ máa da omi sí wọn lára títí ẹ ó fi débẹ̀, ẹ má rọ omi sí ẹni tí ò mọra lẹ́nu. Jẹnẹrétọ̀ náà, ẹ jọ̀ọ́, ìta gbangba ni kẹ́ ẹ gbé e sí, kó jìnnà sí fèrèsé tẹ́ ẹ ṣí yẹn.

Ìyá Aládìrẹ:

Gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ ló dáa, ṣùgbọ́n kò tẹ́ mi lọ́rùn ká di gbogbo ẹ̀ ru òkun. Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun nibi tí mo ti ń pa aró, èmi náà nílò oòrùn kí aṣọ lè gbẹ, mi ò bú oòrùn. Àmọ́ ẹ rìn láti Ọjà-Ọba lọ sínú igbó Ọ̀ṣun lọ́sàn-án gangan, kí ẹ sọ bó ṣe rí lára yín nígbà tẹ́ ẹ bá wọ abẹ́ igi. Hẹ́kítà 75 péré nigbó yẹn, UNESCO fi sára ohun àjogúnbá àgbáyé ní 2005, torí wọ́n ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé e ló ṣe wà. Ìyókù ìlú ńkọ́? Igi tá a bá nídìí ilé bàbá wa, a gé e, a da kọnkéré sí gbogbo àgbàlá ká má baà máa gbálẹ̀, kọnkéré yẹn á gba oòrùn láti àárọ̀, òru ló máa wá dá ooru ẹ̀ padà fún wa. Ẹ gbin igi máńgòrò tàbí ọdán sí apá ìwọ̀ oòrùn ilé, kó jìnnà sí ìpìlẹ̀. Kò ní ran màmá lọ́wọ́ lọ́dún yìí, àmọ́ àwọn ọmọ yín máa jókòó sábẹ́ ẹ̀.

Ọmọ Òkè-Baálẹ̀:

Ẹ ṣeun púpọ̀, Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká rí àìsàn. Mo ti gbé màmá sí pálọ̀, kápẹ́ńtà ń bọ̀ lọ́la. Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ò tíì sọ ìgbà tó máa tutù dáadáa. Nọ́ọ̀sì, aládùúgbò wa kan ní kí n máa po omi oníyọ̀ àti ṣúgà fún màmá lójoojúmọ́, ṣé ó dáa?

Tíṣà Jọ́gíráfì:

Oṣù kẹfà lẹ máa bẹ̀rẹ̀ sí í rí ìyàtọ̀, torí òjò á ti máa rọ̀ léraléra. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá fẹ́ ohun tó jọ ti àbúrò yín gan-an, ẹ dúró de ìparí oṣù keje sí oṣù kẹjọ. Lásìkò yẹn omi tútù máa ń gòkè wá láti ìsàlẹ̀ òkun lẹ́bàá etíkun Ghana àti Côte d'Ivoire, bíi ti San Francisco, ooru omi òkun tó wà níwájú wa á wálẹ̀. Ìdí kan nìyẹn tá a fi ń rí ọ́gọ́ọ̀sì bréèkì: ojú ọ̀run á ṣú láti àárọ̀, òjò ò ní rọ̀ tó bẹ́ẹ̀, oòrùn ò sì ní ràn, ara á tù wá. Ẹ wo ojú ọjọ́ ìgbà ọdún Ọ̀ṣun, ẹ ó rí i.

Ti pé ṣé atẹ́gùn òkun ń dé Òṣogbo, tá a bá fi ojú ẹyẹ wò ó, nǹkan bíi kìlómítà 150 la fi jìnnà sí òkun. Ní oṣù kẹfà àti ìkeje 2016, àwọn onímọ̀ láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè gbé irinṣẹ́ kalẹ̀ sí Ilé-Ifẹ̀ nítòsí wa níbí, sí Savè ní Benin àti Kumasi ní Ghana, wọ́n fi ń wo ìkùukùu tó máa ń bo ìsàlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfríkà lóru. Ohun tó hàn síwọn ni pé lọ́sàn-án, ooru ilẹ̀ máa ń dá afẹ́fẹ́ òkun dúró nítòsí etíkun, tí oòrùn bá wá wọ̀, tí ilẹ̀ rọ̀, á ya wọ inú ìlú lọ́hùn-ún lálẹ́. Torí náà tẹ́ ẹ bá ṣí fèrèsé fún màmá, ẹ jẹ́ kí èyí tó kọjú sí gúúsù àti ìwọ̀ oòrùn wà níbẹ̀, apá ibẹ̀ ló ń gbà wọlé.

Nọ́ọ̀sì Ìgbọ̀nà:

Rárá o, ẹ má ṣe é lójoojúmọ́. Omi oníyọ̀ àti ṣúgà wà fún ẹni tó ń yàgbẹ́ gbuuru tàbí tó ń bì. Fún ẹlẹ́jẹ̀ ríru tára ẹ̀ dá, iyọ̀ yẹn lè gbé ẹ̀jẹ̀ wọn sókè. Omi lásán ni, àti ọsàn tàbí bàrà olómi tí wọn ò bá ní ìtọ̀ ṣúgà. Tí dókítà bá ti fún wọn ní ìwọ̀n omi tí wọ́n gbọ́dọ̀ mu lóòjọ́ nítorí ọkàn tàbí kíndìnrín, ìyẹn ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé, kẹ́ ẹ sì lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò lọ́sẹ̀ yìí kí ooru tó tún le sí i.