Ṣé kí n yọ ẹ̀ka abàmì lára ẹgbẹ́ akọni àtijọ́? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ayàwòrán Ìlọrin:
Ẹ kú àtijọ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Kọ́míìkì ni mo fi ń kọ́ àwòrán yíyà láti kékeré, ẹgbẹ́ tó sì wọ̀ mí lọ́kàn jù ni Justice Society of America. Àwọn ni ẹgbẹ́ akọni àkọ́kọ́ nínú kọ́míìkì. Inú All Star Comics nọ́ńbà 3, ní ìgbà òtútù 1940, ni wọ́n ti kọ́kọ́ jókòó yí tábìlì ká: Flash, Green Lantern, Hawkman, Atom, Sandman, Hourman, Doctor Fate àti Spectre.

Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan fẹ́ jí wọn dìde nínú ìtàn tuntun. Ó wù mí ká yọ ẹ̀ka kan lára ẹgbẹ́ náà tí yóò máa bójú tó ọ̀ràn abàmì nìkan: òkú tó dìde, ẹ̀mí àìrí, ẹrù inú ibojì àwọn ọba Íjíbítì. Ọ̀rẹ́ mi kọ̀ jálẹ̀. Ó ní àwọn tó bá Hitler jà kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú iwin, pé àṣà òde òní ni mo fẹ́ tì bọ inú ìtàn àgbà. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló tọ̀nà? Tí mo bá sì ṣe é, kí ni mo máa ṣe tí kò fi ní ba ẹgbẹ́ náà jẹ́? Ó wù wá ká tà á lọ́jọ́ iwájú.

Bàbá Kọ́míìkì:
Àbúrò, ọ̀rẹ́ rẹ kò tọ̀nà. Abàmì ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó dá ẹgbẹ́ yẹn sílẹ̀ rárá. Ọlọ́pàá ni Jim Corrigan. Àwọn ọ̀daràn tì í sínú àgbá, wọ́n da sìmẹ́ńtì lé e, wọ́n jù ú sómi. Ohùn kan lókè ló dá a padà sáyé pé kó wá bá àwọn aṣebi jà, bó ṣe di Spectre nìyẹn. Jerry Siegel, ọ̀kan nínú àwọn méjì tó dá Superman, ló kọ ọ́, Bernard Baily ló yà á, ní oṣù kejì 1940. Ní oṣù karùn-ún, Doctor Fate, onídán, dé. Hawkman ńkọ́? Ọmọ ọba Íjíbítì tó tún ayé wá ni, bíi Babátúndé tiwa.

Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rẹ́ rẹ rò bẹ́ẹ̀ yé mi. All Star Comics kásẹ̀ nílẹ̀ ní 1951. Ní 1954, àwọn ilé-iṣẹ́ kọ́míìkì Amẹ́ríkà gbé ìlànà Comics Code kalẹ̀ fúnra wọn, ó sì fi òfin de òkú tó ń rìn àti amùjẹ̀. Nígbà tí ẹgbẹ́ náà padà ní 1963, òfin yẹn ṣì wà. 1971 ni wọ́n tó dẹ̀ ẹ́. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Ghost Rider, akọni abàmì tí orí rẹ̀ jẹ́ agbárí oníná, jáde. Nígbà tó fi máa di 1974, Spectre ti ń sọ ọ̀daràn di igi, tó ń fi ayùn là á. Nítorí náà, ohun ìní ẹgbẹ́ náà lo fẹ́ gbà padà. Má bẹ̀rù.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ̀gbọ́n, ìtàn yín dùn, ṣùgbọ́n ẹ ò tíì dáhùn ìbéèrè kejì, òun ló sì le jù. Spectre fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní ohun tí kò lè ṣe. Tó bá ti wà níbẹ̀, kí ni Atom wá ṣe, ẹni tó jẹ́ pé ẹ̀ṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ nìkan ló ní? Ẹ̀ka abàmì tí agbára bá pọ̀ jù níbẹ̀ kì í bà mí lẹ́rù, torí mo mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ò ní kú.

Àbúrò mi, Wesley Dodds ni kí o fi ṣe olórí, Sandman ti ìgbà yẹn. Ènìyàn lásán ni, pẹ̀lú ìbọn tó ń tú gáàsì. Nínú Sandman Mystery Theatre tó bẹ̀rẹ̀ ní 1993, àlá burúkú ló ń fi ọ̀ràn hàn án, kò sì ní sùn dáadáa títí yóò fi yanjú rẹ̀. Àlá náà kì í dárúkọ apànìyàn. Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi ń wá a kiri ìlú New York, pẹ̀lú Dian Belmont, olólùfẹ́ rẹ̀. Abàmì ibẹ̀ kéré, ó sì bà mí lẹ́rù ju gbogbo iná àti mànàmáná lọ. Jọ̀ọ́, jẹ́ kí agbára kọ̀ọ̀kan gba nǹkan lọ́wọ́ ẹni tó ń lò ó.

Ọmọ Ìbàdàn:
Mo fara mọ́ Màmá. Kí n fi kan kún un: ẹ̀ka náà gbọ́dọ̀ ní ìdí tó fi wà. Nígbà tí Justice League Dark, ìtàn ẹgbẹ́ akọni tó ń bójú tó ọ̀ràn abàmì, bẹ̀rẹ̀ ní 2011, Superman fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ lọ, idán sì lé e padà. Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ kan àwọn onídán, Zatanna àti John Constantine. Bí o bá fi Ṣàngó àti Ọya sí tìrẹ ńkọ́?

Ìyá Ìbejì:
Kó má kàn mú wọn wá fún ẹwà àwòrán. Tó bá fẹ́ òrìṣà ní Amẹ́ríkà ìgbà yẹn, ọ̀nà òtítọ́ wà: babaláwo láti Kúbà ti dé New York láàárín àwọn ọdún 1940.

Amòfin Èkó:
Ẹ ti gbàgbé pé ó fẹ́ tà á. Ilé-iṣẹ́ kọ́míìkì DC ló ni àwọn akọni wọ̀nyẹn. Lábẹ́ òfin Amẹ́ríkà, ìwé tó jáde ní 1940 kò ní bọ́ sọ́wọ́ aráyé títí di 2036. Ṣùgbọ́n àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn kan nígbà náà kò tún ẹ̀tọ́ wọn forúkọ sílẹ̀ lẹ́yìn ọdún 28, bí òfin ṣe ní kí wọ́n ṣe, àwọn akọni wọn sì ti di ti gbogbo ayé. Wo akọni Fighting Yank ti 1941: ẹ̀mí baba ńlá rẹ̀ ló fi ẹ̀wù tí ọta kò lè wọ̀ hàn án. Alex Ross àti Jim Krueger lo òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú kọ́míìkì Project Superpowers ní 2008. Má wo tiwọn yà o. Padà sínú ìwé àwọn ọdún 1940, ó wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí Digital Comic Museum, ibùdó kọ́míìkì àtijọ́ lórí ayélujára, kí o sì bá amòfin sọ̀rọ̀ kí o tó tẹ ohunkóhun jáde.

Ayàwòrán Ìlọrin:
Ẹ ṣé gan-an ni. Mo ti ka ìwé Fighting Yank méjì láti àárọ̀. Ẹ̀mí baba ńlá náà ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Màmá, tí ẹ̀wù yẹn bá ní láti gba nǹkan lọ́wọ́ ẹni tó wọ̀ ọ́, ṣé ẹ rò pé kó máa gba ìrántí rẹ̀?

Ìyá Ìbejì:
Bẹ́ẹ̀ ni, kó sì bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ àwọn tí wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́.