Mọ́tò mi ń fà sẹ́yìn tí mo bá ń já kọ́nà, ṣé gíà ló kú lóòótọ́?

Ìyá Kẹ́hìndé, Surulere: Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kúulẹ́ o. Lexus RX300 ti 2001 ni mò ń wà, èyí tó ń fi taya mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọ́ ara ẹ̀. Lórí Third Mainland kò ní wàhálà kankan, geere ló ń lọ. Àmọ́ tí mo bá délé tí mo fẹ́ wọ kọ́mpáùndì, tí mo yí steering dópin báyìí, ńṣe lá dúró bíi pé ẹnì kan di búrèkì mú lẹ́yìn, àfi kí n tún tẹná sí i, taya á wá máa ha interlock, ariwo á sọ. Mẹkáníìkì mi ní gíà ló kú, kí n lọ wá owó tokunbo. Ẹlòmíì ní ká yọ propeller, irin gígùn tó ń gbé agbára lọ sẹ́yìn, jù síbẹ̀, pé òkè wo ló wà l'Ékòó. Ta ni kí n gbọ́? Owó gíà kì í ṣe owó ẹ̀pà o.

Bọ̀dá Mushin: Mà, ẹ má tíì fọwọ́ kan gíà. Tó bá ṣì ń yí dáadáa tí kò já, viscous coupling ni kẹ́ ẹ fura sí, inú transfer, àpótí tó ń pín agbára síwájú àti sẹ́yìn tí wọ́n dè mọ́ gíà, ló wà. Irin pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ ló kún inú ẹ̀, apá kan so mọ́ iwájú, apá kan so mọ́ ẹ̀yìn, ọ́ìlì silicone tó ki wà láàárín wọn. Tẹ́ ẹ bá ń já kọ́nà, taya iwájú ló ń rìn jìnnà ju tẹ̀yìn lọ, ọ́ìlì yẹn ló yẹ kó gbà wọ́n láyè. Tó bá ti gan, kò gbàyè mọ́, iwájú àtẹ̀yìn á wá máa bára wọn jà. Ẹ wà á lọ síbi tí yanrìn wà kẹ́ ẹ yí i dópin, tó bá fúyẹ́ níbẹ̀ tó wá le lórí kọnkéré, òun náà nìyẹn.

Alhaja Onítáyà: Ìyá Kẹ́hìndé, báwo ni taya yín ṣe rí?

Ìyá Kẹ́hìndé: Tuntun méjì ni ọkọ mi rà síwájú, tokunbo àtijọ́ ṣì ni tẹ̀yìn. Sáìsì kan náà ni o, 225/70R16.

Alhaja Onítáyà: Hẹn ẹn! Sáìsì ara taya kọ́ nìkan lọ̀rọ̀ wà. Èyí tó ti jẹ kéré sí tuntun, kò lè yí iye kan náà, torí náà coupling kì í sinmi, kódà lójú títì tó tọ́, ọ́ìlì inú ẹ̀ á máa gbóná títí á fi bàjẹ́. Kí taya mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọra kẹ́ ẹ tó fi coupling òmíì sí i, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ owó á wọgbó.

Ẹnjiníà Yaba: Ti propeller yẹn, ẹ rọra. RX yìí ní differential láàárín, ìyẹn gíà tó ń jẹ́ kí iwájú àtẹ̀yìn yí níye tó yàtọ̀, coupling yẹn ló ń ká a lọ́wọ́ kò. Tó bá gan lóòótọ́, tẹ́ ẹ bá yọ propeller, iwájú á ṣì máa fà á lọ. Àmọ́ tí kò bá gan, ẹ̀yìn tó ṣófo ni agbára ẹnjínì máa sá lọ, coupling á jó tàbí kí mọ́tò má kúrò lójú kan. Ẹ má sì máa wà á báyìí lọ títí, tórí shaft, transfer àti differential ẹ̀yìn ló ń jìyà ẹ̀, ẹ máa wá ra ju coupling lọ.

Tùndé Òkè-Àrin: CR-V 2004 tèmi náà ń kùn tí mo bá ń já kọ́nà, ṣé òun náà ni?

Bọ̀dá Mushin: Rárá, tìrẹ ò lo viscous, pọ́ǹpù méjì ló wà nínú differential ẹ̀yìn rẹ. Pààrọ̀ ọ́ìlì ibẹ̀ ná, kó jẹ́ ọ́ìlì Dual Pump ti Honda gan-an, má jẹ́ kí wọ́n da gear oil lásán sí i.

Ìyá Kẹ́hìndé: Ẹ ṣé gan-an ni. Tó bá jẹ́ coupling, ṣé wọ́n lè tú u tún ṣe?

Bọ̀dá Mushin: Wọ́n ti dí i pa látilé iṣẹ́, odindi lẹ ó pààrọ̀. Tẹ́ ẹ bá dé ọjà Ladipo tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà mọ́tò, ojú lásán ò lè mọ èyí tó dáa, kẹ́ni tó fẹ́ tà á gbà pé ẹ lè dá a padà kẹ́ ẹ tó sanwó.