Ohun tí wọ́n bá sọ ní Aburi ni bàbá mi ń dúró dè

Enugu ni wọ́n ti bí mi. Télọ̀ ni bàbá mi, ọmọ Òṣogbo. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1966, lẹ́yìn tí wọ́n ti pa àwọn Íbò ní ìpakúpa l'Ókè Ọya, Ojukwu, gómìnà ológun Ìlà-Oòrùn, ní kí àwọn tí kì í ṣe ọmọ ibẹ̀ máa lọ sílé, pé òun ò lè fọwọ́ sọ̀yà mọ́ pé nǹkan kan ò ní ṣe wọ́n. Bàbá mi ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa, a sì kó wá sí Ìbàdàn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí Aburi ṣe rí nílé wa. Ọjọ́ kẹrin àti ìkarùn-ún oṣù Kìíní 1967 ni Gowon tó jẹ́ olórí ìjọba ológun Nàìjíríà, Ojukwu, Adébáyọ̀ gómìnà wa ní Ìwọ̀-Oòrùn, Ejoor gómìnà Àárín Ìwọ̀-Oòrùn, Hassan Katsina gómìnà Òkè Ọya àti àwọn yòókù pàdé ní Aburi, ìlú kan ní Gánà. Ankrah, olórí ìjọba Gánà, ló gbà wọ́n lálejò. Wọ́n fẹnu kò pé àwọn ò ní fi ìbọn yanjú aáwọ̀ tó wà láàárín ìjọba àpapọ̀ àti Ìlà-Oòrùn. Wọ́n tún ní kí òṣìṣẹ́ ìjọba tó sá kúrò níbi iṣẹ́ máa gba owó oṣù rẹ̀ títí di ìparí oṣù Kẹta. Ẹnikẹ́ni ò dárúkọ télọ̀, síbẹ̀ bàbá mi ti ń sọ fún ìyá mi pé kó máa palẹ̀ ẹrù mọ́, a ó padà.

Kò pẹ́ tí wọ́n délé ni ọ̀rọ̀ náà dà rú. Ojukwu ní àwọn ti gbà kí agbára pọ̀ lọ́wọ́ ẹkùn kọ̀ọ̀kan. L'Ékòó, àwọn akọ̀wé àgbà ìjọba kìlọ̀ fún Gowon pé ohun tó gbà yìí á tú orílẹ̀-èdè ká. Ojukwu gbé ohùn ìpàdé tí wọ́n gbà sílẹ̀ jáde kí ayé gbọ́, ibi tí òun àti Gowon ti ń pe ara wọn ní Emeka àti Jack, tí wọ́n jọ ń rẹ́rìn-ín. Inú bí bàbá mi gan-an. Ó ní ṣé àwọn tó mọ ara wọn tó báyìí ni wọn ò lè kọ àdéhùn kan sílẹ̀ kó yé gbogbo wọn bákan náà?

Ní oṣù Karùn-ún, Awólọ́wọ̀ sọ ní Ìbàdàn pé bí wọ́n bá fi Ìlà-Oòrùn sílẹ̀ kó lọ, Ìwọ̀-Oòrùn àti Èkó náà ò ní dúró sí Nàìjíríà. Kò tó ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ìyẹn tó lọ bá Ojukwu ní Enugu. Ọ̀jọ̀gbọ́n Aluko wà lára àwọn tó bá a lọ. Títí dòní làwọn Íbò ń sọ pé Awólọ́wọ̀ ṣèlérí pé bí Ìlà-Oòrùn bá lọ, Ìwọ̀-Oòrùn á tẹ̀ lé e, tí àwa Yorùbá ń sọ pé kò ṣe irú ìlérí bẹ́ẹ̀. Èmi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn mọ́. Ohun tó ń dùn mí ni pé orí àwọn bàbá wa ni wọ́n ń dúnàá-dúrà lé, kò sì sẹ́ni tó bi wọ́n.

Ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù Karùn-ún yẹn, Gowon dá ìpínlẹ̀ 12 sílẹ̀. Ní ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù náà, Ojukwu kéde pé Ìlà-Oòrùn ti di orílẹ̀-èdè tirẹ̀, Biafra. Nígbà tó fi máa di oṣù Keje, ìbọn ti ń dún.

Ẹ̀yin tí bàbá tàbí ìyá yín ṣiṣẹ́ ìjọba l'Ékòó nígbà náà, ẹ jọ̀ọ́, kí ni wọ́n sọ fún yín nípa ìkìlọ̀ àwọn akọ̀wé àgbà yẹn? Apá ibẹ̀ ni mo ṣì ń wá.