Sítíárìn katakata wa ti rọ̀ o

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ògbólógbòó katakata tí mo béèrè nípa rẹ̀, tí sítíárìn rẹ̀ le tó ń kérora tí mo bá fẹ́ yà, ti dára o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kí n má tíì ra pọ́ǹpù tuntun, ìyẹn èyí tó ń ti ọ́ìlì lọ síbi sítíárìn kó lè rọ̀, ẹ ṣeun gan-an ni. Họ́ọ̀sì tó ń fa ọ́ìlì wọ pọ́ǹpù ló ti sán lábẹ́ kílíìpù. Kò jò síta, afẹ́fẹ́ ló ń fà wọlé, ni ọ́ìlì bá ń hó bí ọṣẹ. A pààrọ̀ họ́ọ̀sì àti fílítà, a da ọ́ìlì àtijọ́ nù, a fi jáàkì gbé iwájú rẹ̀, a sì rọra ń yí sítíárìn sọ́tùn-ún sósì títí ìfófòó fi tán. Ó ti ń yà wẹ́rẹ́ báyìí.